Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀bẹ

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo dé ilé ọkọ ni mo ba ọ̀bẹ ìyá ọkọ mi jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí níṣẹ́ o. Mo jí láàárọ̀, mo gbálẹ̀, mo pọnmi kún àmù, mo wá rí ọ̀bẹ náà lórí pẹpẹ ilé ìdáná. Mo ní ẹ jẹ́ kí n ṣe ohun tí wọn yóò fi mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni wọ́n gbé wálé. Àṣejù ìyàwó tuntun, kò sí ibi tí kì í gbé èèyàn dé.

Ìbẹ̀fun ni wọ́n bí mi sí. Tíṣà ilé ìwé mísọ́nnì ni bàbá mi, ìyá mi sì ń ta ọṣẹ àti ìwé ọmọ ilé ìwé níwájú ilé. Ní ilé wa, bí ọ̀bẹ bá ti kú, ẹnu àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé la máa ń gbé e lọ. A ó da omi sí sìmẹ́ńtì ibẹ̀, a ó máa fà á lọ fà á bọ̀, ṣàà, ṣàà, títí yóò fi lè gé ẹ̀fọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà láyé tí èèyàn lè gbà pọ́n ọ̀bẹ.

Ilé tí mo wọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé oníṣòwò aṣọ ni, ilé Mùsùlùmí. Ìyẹn kò di ìjà láàárín èmi àti ọkọ mi. Ní Ìjẹ̀bú wa, ẹ̀gbọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò á lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á jọ jẹ ẹran Iléyá, wọ́n á sì jọ jẹ ìrẹsì Kérésì. Bàbá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ti fi ọjà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ìyá ọkọ mi, Màmá, kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ ilé ìdáná. Lẹ́yìn wọn ni ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ti bí ọmọ mẹ́ta síbẹ̀ kí n tó dé.

Mo gbé ọ̀bẹ Màmá lọ sí ẹnu àtẹ̀gùn ilé ìwẹ̀. Mo da omi sí i. Mo fà á lọ, mo fà á bọ̀, mo ń kọ orin ìjọ wa sí i lábẹ́lẹ̀. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn mi. Màmá ni. Wọn kò pariwo. Wọ́n na ọwọ́, mo gbé ọ̀bẹ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ojú ọ̀bẹ tó rí gbọọrọ, tó fẹ́lẹ́ bí ewé, ti yọ eyín bíi mẹ́rin.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "ta ló ní kí o ràn mí lọ́wọ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé..."

"O rò." Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ ojú rẹ̀ wò. "Ọ̀bẹ tí mo ti ń lò kí ọkọ rẹ tó mọ̀ ọ́n rìn. Tóò. Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ kankan nínú ilé yìí mọ́. Bí iṣẹ́ bá kan ọ̀bẹ, pe ìyálé rẹ."

Bí ẹ kò bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ lè rò pé ìsinmi ni wọ́n fún mi. Kì í ṣe ìsinmi. Nínú ilé ìdáná yẹn, àwọn tó ní ọ̀bẹ lọ́wọ́ ló ń jókòó yí ká, wọ́n ń bẹ iṣu, wọ́n ń rẹ́ ilá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé sì wà: ta ló lóyún, ta ló ń yá owó, ta ni Bàbá ń bínú sí. Ẹni tí kò ní ọ̀bẹ ń fẹ́ iná, ó ń fọ abọ́, ó ń kọ ẹ̀yìn sí wọn lọ ata lórí ọlọ. Bí mo bá yí orí padà pé kí n dá sí ọ̀rọ̀, wọ́n á dákẹ́. Àlejò ni mí nínú ilé tí mo ti gba orúkọ wọn. Ìyálé mi sì fún mi ní oyè tèmi. Wọ́n ń pè mí ní Ìyàwó Onísìmẹ́ńtì. Bí wọ́n bá ti pè é báyìí, àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín.

Ọdún tí àwọn sójà gbàjọba ni, tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa tò sórí ìlà kó tó wọ bọ́ọ̀sì. Ọjà òkèèrè wọ́n. Ọ̀bẹ gidi kò sí lọ́jà. Èyí tó wà, bí o bá fi gé egungun lẹ́ẹ̀kan, ó ti tẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin kan wà tó máa ń gbé òkúta ìpọ́nbẹ rẹ̀ kiri àdúgbò tẹ́lẹ̀, òun ló ń bá Màmá tọ́jú ọ̀bẹ wọn. Ó ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti gbúròó rẹ̀ mọ. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀bẹ lásán ni mo bàjẹ́. Ohun tí owó kò lè rà mọ́ ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo sunkún lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, ìbínú ni. N kò fi pa mọ́, onínúfùfù ni mí, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti jogún rẹ̀. Ohun tó wá dá kún un ni ohun tí ìyálé mi sọ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín nídìí iná. Wọ́n ní lọ́jọ́ Iléyá, bí Bàbá bá ti dúńbú àgbò tán, gbogbo ìyàwó ilé ló ń jókòó yí ẹran ká, kálukú pẹ̀lú ọ̀bẹ tirẹ̀, wọ́n á gé e, wọ́n á pín in kárí àdúgbò. Ìyàwó tí kò bá jókòó síbẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, ìdí ìfun ni yóò wà. Yóò máa fọ ìfun àti ṣàkì lọ́dọọdún, títí wọn yóò fi gbé ìyàwó mìíràn wálé.

"Ọmọkùnrin tó sì kù láti gbéyàwó nínú ilé yìí," ni ìyálé mi wí, "ó ṣì wà ní fọ́ọ̀mù tú."

Oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀ ló kù kí Iléyá tó dé. Mo búra nínú ara mi pé n kò ní fọ ìfun fún ọdún mẹ́wàá.

Àárọ̀ Jímọ̀ kan ni ọ̀nà là. Bàbá onígbàjámọ̀ máa ń wá sí ilé wa ní gbogbo Jímọ̀ láti fá orí Bàbá kí wọ́n tó lọ kírun. Arúgbó kan tó gbẹ, tó ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, ni onígbàjámọ̀ náà. Èmi ni mo máa ń gbé omi fún wọn. Lọ́jọ́ náà, mo bá wọn tí wọ́n tú òkúta pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ láti inú aṣọ tútù, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n wá ń fi abẹ ìfárí wọn ra á lára, jẹ́jẹ́, láìpariwo. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé abẹ sórí apá ara wọn, irun apá ṣí kúrò bí ẹni pé èémí ló fẹ́ ẹ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́, mo gbàgbé láti gbé e kalẹ̀.

"Bàbá," mo ní, "ṣé òkúta yìí lè pọ́n ọ̀bẹ ìdáná?"

"Irin ni irin, ìyàwó. Àbí ìwọ ni wọ́n ní o fi sìmẹ́ńtì ba ọ̀bẹ ìyá ọkọ rẹ jẹ́?"

Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀! Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ́ mi.  Wọ́n ní kí n mú ọ̀bẹ wá bá àwọn níta, lẹ́yìn ìgànná, ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, bí àwọn bá ti fá orí Bàbá tán.

Ọ̀bẹ wo? Wọ́n ti ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ kankan nínú ilé náà. Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀, mo wá rántí pé ọ̀bẹ ilé yìí ni Màmá sọ. Wọn kò sọ̀rọ̀ kan ọ̀bẹ Ìbẹ̀fun. Ní Sátidé, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọkọ mi, mo wọ mọ́tò lọ sílé wa. Ìyá mi gbọ́ ẹjọ́ mi tán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́." Wọ́n wá fún mi ní ọ̀bẹ tó burú jù lọ nínú ilé, ọ̀bẹ kan tó nípọn, tó wúwo, tí a ti fi sìmẹ́ńtì lù pa láti ìgbà tí mo wà ní ìléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo gbé e padà sí Ìjẹ̀bú-Òde bí ẹni tó jí nǹkan gbé.

Bàbá onígbàjámọ̀ kò jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ̀bẹ pàápàá. Wọ́n mú ògbólógbòó òkúta wọn kan wá fún mi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan le, ó ń ha ọwọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì ń jọ̀lọ̀. Àárín rẹ̀ ti jẹ wọnú. Wọ́n ní kí n máa fi í ra ilẹ̀ sìmẹ́ńtì pẹ̀lú omi àti yanrìn títí ojú rẹ̀ yóò fi tẹ́.

"Òkúta fúnra rẹ̀ la kọ́kọ́ ń pọ́n," ni wọ́n wí. "Bí òkúta bá wọ́, ọ̀bẹ náà á wọ́. Ìwọ sáà fẹ́ràn sìmẹ́ńtì. Ó yá, sìmẹ́ńtì rèé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi tẹ́ òkúta náà, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì iyàrá wa, pẹ̀lú báàfù omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkọ mi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò mí. Ó ní ṣé òun ni mo fẹ́ dúńbú ni. Mo ní bí ó bá tún sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀bẹ wá kàn. Kí n gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè díẹ̀ kúrò lára òkúta, kó ga tó kọ́bọ̀ méjì tí a tò léra. Kí ọwọ́ mi má ṣe máa ga, kó má máa rẹlẹ̀. Kí n máa tì í lọ, kí n máa fà á bọ̀, títí n ó fi fọwọ́ kan òdìkejì tí n ó sì rí i pé irin tín-ín-rín kan ti ká síbẹ̀ bí etí ìwé tó ká. Nígbà náà ni kí n yí i padà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ tó ń jọ̀lọ̀. Mo máa ń yára, Bàbá onígbàjámọ̀ á gbá mi lọ́wọ́ pẹ́ẹ́. Wọ́n á ní díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé àwọn tó mọ abẹ í lò tó báyìí, ta ló ń fá orí tiwọn. Wọ́n ní, "Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Àbúrò mi kan ní Òdógbolú ló ń fá tèmi, kò sì mọ̀ ọ́n fá."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀bẹ ìyá mi fá irun apá mi. Mo fò sókè nínú iyàrá. Mo jókòó, mo tún fá apá kejì. N kò lè dúró de Jímọ̀. Ní Sátidé mo ti wà ní Ìbẹ̀fun, mo ní kí ìyá mi gbé iṣu wá kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ wọn lè ṣe. Mo gbé ọ̀bẹ lé iṣu, mo tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé díẹ̀, ó dúró. Mo fi agbára kún un. Iṣu náà dún kà! Ó là sí méjì bí igi ìdáná, ègé tó yẹ kó tẹ́jú rí gbágungbàgun.

Ìyá mi wo iṣu, wọ́n wo èmi, wọ́n ní, "Ó mà mú o." Wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo bínú débi pé n kò jẹun nílé wa kí n tó padà. Ní Jímọ̀, mo ju ọ̀bẹ náà síwájú Bàbá onígbàjámọ̀, mo ní ẹ̀kọ́ wọn kò ṣiṣẹ́. Wọn kò bínú. Wọ́n gbé ọ̀bẹ náà dúró, ṣóńṣó rẹ̀ dojú kọ mí, wọ́n ní kí n di ojú kan, kí n wò ó. Nígbà náà ni mo rí i. Ẹnu rẹ̀ mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n lókè ẹnu náà, kò tíì ju ìbú ìka lọ, irin náà ti wú sí ọ̀tún àti òsì bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó fi ẹ̀kọ sẹ́nu.

"Ẹnu ni ò ń pọ́n," ni wọ́n wí. "O ò pọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tó mú ń fẹ́ wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń há sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí o bá pọ́n ẹnu ọ̀bẹ, ó ń sún mọ́ ibi tó nípọn. Bí o kò bá bá a dín ẹ̀rẹ̀kẹ́, lọ́jọ́ kan àáké lo máa gbé dání."

Ó wá yé mi ìdí tí ọ̀bẹ Màmá fi fẹ́lẹ́ bí ewé. Kì í ṣe pé ó gbó. Ẹnì kan ló ti ń dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò sì mọ̀, nítorí pé wọ́n kàn ń gbé e fún oníṣẹ́ ni, wọ́n ń gbà á padà.

Bí a ṣe ń dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni pé kí o tẹ́ ọ̀bẹ sílẹ̀ gbalaja lórí ẹ̀gbẹ́ òkúta tó le, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkúta, kí o máa ra á. Kò sí ìyára níbẹ̀. Omi á di dúdú bí ẹrẹ̀, wàá dà á nù, wàá tún wọ́n òmíràn. Mo ra ẹ̀gbẹ́ kan fún ọjọ́ mẹ́fà, mo ra ìkejì fún ọjọ́ méje. Awọ ìka mi bó, ó ń ta mí bí mo bá fi lọ ata. Ìyálé mi rí ọwọ́ mi, wọ́n bi mí pé kí ló ṣe é, mo ní ọṣẹ ni. Mo ń tẹ́ òkúta, mo ń dín ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ń tẹ́ òkúta. Nígbà tí mo gbé ọ̀bẹ náà dúró tí mo di ojú kan, kò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́. Ó lọ tààrà láti ẹ̀yìn dé ẹnu. Ìgbà náà ni mo tún wá fún un ní ẹnu.

Mo padà sí Ìbẹ̀fun. Mo gbé ọ̀bẹ lé iṣu, n kò tíì tẹ̀ ẹ́ tó fi wọlé. Kò dún. Ègé kan bọ́ sílẹ̀, òmíràn tẹ̀lé e, ojú wọn tẹ́jú, wọ́n ń dán. Mo rẹ́ ilá, mo rẹ́ àlùbọ́sà, n kò sunkún. Èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ìyá mi gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gé ègé iṣu kan fúnra wọn, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n nù ún, wọ́n fi sínú dúrọ́ọ̀ wọn, wọ́n tì í.

"Mọ́mì, ọ̀bẹ mi."

"Ọ̀bẹ tèmi ni. Mo dúpẹ́ o, ọmọ mi. Máa lọ sílé ọkọ rẹ."

Bí mo ṣe padà sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́wọ́ òfo nìyẹn, Iléyá ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo mọ iṣẹ́ náà, n kò sì ní ẹ̀rí kankan láti fi han ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mo lè pọ́n ọ̀bẹ, èmi Ìyàwó Onísìmẹ́ńtì?

Àárọ̀ Iléyá dé. Àwọn ọkùnrin ti yídì dé pẹ̀lú agbádá wọn, àgbò wà lórí ìso lábẹ́ igi gúáfà lẹ́yìnkùlé. Àwọn ìyàwó ti to àpótí ìjókòó sílẹ̀ yí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ká. Báàfù ìfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, àpótí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, n kò ní láti béèrè ta ló ni ín. Bàbá yọ ọ̀bẹ ńlá tí wọ́n fi ń dúńbú, èyí tí kì í jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n fi àtàǹpàkò kan ojú rẹ̀. Ojú wọn yí padà.

"Ta ló pọ́n ọ̀bẹ yìí?"

 Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí ilà funfun gbágungbàgun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ náà, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti pọ́n ọn. Ẹnu àtẹ̀gùn ilé ìwẹ̀ ni. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀sìn wọn pàápàá mọ̀ pé Bàbá kò ní fi irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kan ẹran: ìyà kò gbọdọ̀ jẹ ẹran náà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ fífà kan. Bàbá ní kí wọ́n lọ yá ọ̀bẹ wá. Gbogbo ilé tó yí wa ká ló sì ń lo tiwọn lọ́wọ́.

Ẹnu mi ló ṣáájú mi. "Ẹ gbé e fún mi, sà."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ìyálé mi ní, "Yéè." Mo ti sáré wọ iyàrá, mo ti gbé òkúta mi àti abọ́ omi jáde. Bàbá ṣì ń wò mí tìyanutìyanu nígbà tí mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn. Ìwàǹwára kò jẹ́ kí n ronú. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, mo tẹ́ ọ̀bẹ lé òkúta, mo fà á lẹ́ẹ̀kan.

Ariwo sọ. "Háà! Ìyàwó! Lójú ẹran!"

Mo gbé orí sókè. Àgbò náà wà níwájú mi, kò jìnnà ju apá kan lọ, ó ń wò mí. Ó ń wo ọ̀bẹ. Kò sí ẹni tó sọ fún ọmọ ìjọ láti Ìbẹ̀fun rí pé a kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran tí a fẹ́ dúńbú. Ọmọ ọdún márùn-ún inú ilé yẹn mọ̀ ọ́n.  Mo rí Màmá tí wọ́n dìde lórí àpótí wọn, tí wọ́n ń bọ̀, mo ní ó tán, ìfun títí ayé.

Màmá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n gbé mi dìde, tèmi tòkúta, wọ́n fà mí wọ ilé ìdáná, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"A kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran," ni wọ́n wí. "Èmi ló yẹ kí n ti sọ fún ọ. Ṣé o lè ṣe é?"

"Mo lè ṣe é, mà."

"Ó yá, ṣe é."

Mo jókòó. Mo wọ́n omi.  Àyè kò sí láti dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ tán, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ọ̀bẹ náà fẹ́lẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo ra àwọn ibi tí sìmẹ́ńtì ti ha, mo wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, kọ́bọ̀ méjì. Màmá dúró lórí mi. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo fi kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, mo ṣàlàyé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún wọn, láìdúró.  Bàbá wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ké sí wọn pé kí wọ́n ní sùúrù. Nígbà tí mo ṣe ẹ̀gbẹ́ tó ń jọ̀lọ̀ tán, mo fi ọ̀bẹ náà kan irun apá mi lójú wọn. Irun náà bọ́.

"Subhanallah," ni Màmá wí.

Àwọn fúnra wọn ló fi aṣọ bo ọ̀bẹ náà, wọ́n gbé e lọ fún Bàbá kí àgbò má baà rí i. Wọ́n yí àgbò síhà kíbílà. Bàbá pe Bísímílà. Fífà kan ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó parí kí n tó mí.

Bàbá dúró, wọ́n gbé ọ̀bẹ náà sójú, wọ́n tún béèrè ohun tí wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti yàtọ̀. "Ta ló pọ́n ọ̀bẹ yìí?" Bẹ́ẹ̀ wọ́n sì mọ̀ o!

"Ìyàwó mi ni," ni Màmá dáhùn. Kì í ṣe "ìyàwó" lásán. Ìyàwó mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ti bí ọmọ, mo ti kọ́lé, n kò rò pé mo tún ní irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ yẹn, n kò fọ ìfun. N kò sì gé ẹran. Ìyálé mi ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú ọ̀bẹ wọn, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan, wọ́n ní, "Bá mi wo èyí, jàre, ìyàwó wa." Ìyàwó ilé mìíràn gbé tirẹ̀ wá. Ilé tó kángun sí tiwa gbọ́, wọ́n rán ọmọ pẹ̀lú ọ̀bẹ mẹ́rin nínú abọ́. Mo jókòó sínú ilé ìdáná, mo ń pọ́n, wọ́n ń gbà, ẹran sì ń bọ́ lábẹ́ ọ̀bẹ wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń pariwo ìyanu. Wọ́n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé lójú mi. Mo gbọ́ ẹni tó lóyún. Mo gbọ́ ẹni tó ń yá owó. Mo dá sí gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dákẹ́.

Ó di ọjọ́ kẹta Iléyá, lọ́sàn-án, tí ilé ti dákẹ́. Mo wà nídìí òkúta mi nígbà tí Màmá wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn wọn, wọ́n wò yíká bóyá ẹnì kan wà. Wọ́n wọ́ àpótí kan, èyí tó kúrú ju tèmi lọ. Mo fẹ́ dìde fún wọn, wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ mí sílẹ̀. Màmá tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn jókòó, orí wọn rẹlẹ̀ sí tèmi, wọ́n tú gèlè kúrò lórí, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú omi dúdú náà.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, "kọ́ mi. Má yára o. Àgbàlagbà ni mí."